Ọmọ tí a rán lọ kọ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀: ohun tó máa bá pàdé níbi posting

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú voice note mẹ́ta tí Màmá Nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́rú, fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá gbé ohùn.

Voice note kìíní

Alága ló ní kí n dá sí ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí gúrúùpù wa láti ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí n kúkú fi ẹnu sọ ọ́, torí tí mo bá ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ilẹ̀ á mọ́ bá mi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún àwọn tí kò tẹ̀ lé e. Bàbá kan láàrin wa tó ń ta bàtà nínú ọjà Sábọ̀n Gàrí, ọmọ wọn obìnrin ti rí ìwé wọlé yunifásítì kan gbà ní England láti lọ kọ́ podiatry, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀. Bàbá ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n rí i pé láti ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ á ti máa lọ sí posting, pé gígé èékánná sì wà lára ohun tí á kọ́kọ́ ṣe. Ni bàbá bá bi wá léèrè pé ṣé owó tí àwọn fi ń kó bàtà láti Kofar Wambai, tí àwọn ń jókòó tì í nínú oòrùn, ni kí ọmọ fi lọ kọ́ iṣẹ́ mai yankan farce nílùú òyìnbó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò tíì tán tí ìyá kan tún fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọkùnrin tòun tó ń kọ́ physiotherapy níbí ní Kánò, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò ẹsẹ̀, ó sì sá wálé lọ́jọ́ kẹta. Ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní òórùn ibẹ̀ ń bá òun dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, yàrá ìwẹgbò ni mo wà. Ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọ dókítà, ọmọ physiotherapy, gbogbo wọn ló gba ọwọ́ mi kọjá. Mo mọ ojú tí wọ́n máa ń gbé wọlé lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mai yankan farce náà. N kò ní bú u. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin tó ń fi àlùmọ́gàjí ṣe ṣáká-ṣáká kọjá ní New Road. Á jókòó sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ yín lé orúnkún rẹ̀, á sì wò ó. Ẹ dúró lórí èyí tí mo ní ó wò ó yẹn. Ta ló tún ń wo ẹsẹ̀ yín? Ìyàwó yín kì í wò ó. Ẹ̀yin fúnra yín, ikùn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á wo ṣúgà, wọ́n á kọ oògùn, bàtà ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ yín. Ó lè jẹ́ ọmọ Hausa yẹn nìkan ló rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín láti ọdún tó kọjá.

Ohun tí kò mọ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Kò mọ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ tó fi ha gìgísẹ̀ ẹnìkan náà ló ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tó bá gé ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí ara rẹ̀ pé á pariwo, á tiẹ̀ fẹ́ gbá a létí, ó parí. Ẹni tí ṣúgà ti pa iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní pariwo, torí kò mọ̀ ọ́n lára. Á sanwó, á dìde, á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ibẹ̀ á ti wú. Gbogbo ọdún tí ọmọ bàbá oníbàtà fẹ́ lọ lò lọ́hùn-ún, ohun tí mai yankan farce kò mọ̀ yẹn ló fẹ́ lọ kọ́. Èékánná á gé e, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n á mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gé.

Ní Nàìjíríà níbí, a pín iṣẹ́ ẹsẹ̀ láàrin ara wa ni. Nọ́ọ̀sì ń wẹ egbò, àwọn physiotherapy ń kọ́ni bí a ṣe ń rìn, dókítà eegun ń tò ó tàbí kó gé e, tí wọ́n bá wá gé e tán, àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà ní ilé ìwòsàn eegun tìjọba àpapọ̀ ní Dala níbí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan láti èékánná dé ọrùn ẹsẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ní Britain, wọ́n ní in, òfin sì dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà. Tí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé àjọ tí wọ́n ń pè ní HCPC, o ò gbọdọ̀ pe ara rẹ ní podiatrist, o ò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ ní chiropodist tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ọ ní England, mẹ́rin ní Scotland. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan bíi wákàtí 1,000 ni ọmọ á lò lọ́dọ̀ aláìsàn pẹ̀lú ọ̀gá tó dúró tì í. Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ bá mi pín in: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ 125 ni. Ìwé kíkà ò sí nínú ìyẹn o.

Iná ti lọ. Ẹ dúró, mò ń bọ̀.

Voice note kejì

Ẹ má bínú. Mo ti wá sí ìta, torí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ fara dà á.

Kí ni ọmọ máa bá pàdé? Ìdúró ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Níbí o, lọ́hùn-ún o, á dúró títí ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an á fi máa ro ó. Á fọ ọwọ́ títí awọ ọwọ́ á fi gbẹ. Wọn ò ní fún un lábẹ. Á máa wò, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á máa gbé nǹkan fún ọ̀gá. Àwọn òbí máa ń pè mí nígbà yẹn pé wọn ò kọ́ ọmọ àwọn ní nǹkan kan. Wọ́n ń kọ́ ọ. Ọmọ tó bá lo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lọ́sẹ̀ kẹta.

Lẹ́yìn náà ni èékánná, pàápàá ní ìlú òyìnbó. Ẹ má rò pé èékánná bíi tèmi tìrẹ ni. Èékánná àgbàlagbà máa ń ki, á le bí ìwo àgbò, òmíràn á tẹ̀ wọnú ẹran ìka. Ẹni tó ni ín kò lè bẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dá gbé. Ìgbà míì, ọmọ wa tó di ẹsẹ̀ ìyá arúgbó yẹn mú ni ẹnì kan ṣoṣo tó máa fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń di ẹsẹ̀ mú. Èmi náà máa ń kọ́ wọn níbí. Kí o fi àtẹ́lẹwọ́ gbé gìgísẹ̀, kí o gbé e bí ìgbà tí o gbé ọmọ tuntun. Tí o bá fi ìka méjì mú un bí ẹni gbé òkú eku dànù, aláìsàn á ti mọ̀ pé o kórìíra òun. Kò ní sọ òótọ́ kan fún ọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tó bá yá, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ wò. Okùn ọ̀rá kékeré kan wà, bí okùn ìwọ̀ àwọn apẹja, wọ́n kì í mọ́ igi kékeré kan. Wọ́n á tì í mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ títí á fi tẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ báyìí, agbára tó fi ti ẹsẹ̀ yẹn tó ìwúwo gíráàmù 10. Aláìsàn á dijú, á máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tó bá mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò bá mọ èyí lára, ìṣó wọlé kò ní mọ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín: àwọn bàbá wa kì í fẹ́ kùnà ìdánwò. Wọ́n á ti máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí okùn ò tíì kàn wọ́n. Torí náà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí á ṣe máa dákẹ́ nígbà míì láìfọwọ́ kan nǹkan kan, kó lè mọ ẹni tó ń méfò. Wọ́n á tún kọ́ ọ ní wíwá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ọ̀kan lókè ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn eegun kókósẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ọjọ́ àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn á ní àwọn ti rí i, kó sì jẹ́ pé èyí tó ń lù nínú ìka tiwọn ni wọ́n ń gbọ́.

Màá sọ ti bàbá kan. N kò ní dárúkọ, ìlú yìí náà ló ń gbé, oníṣòwò bíi tiwa ni. Egbò kékeré kan ló gbé wá ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lọ́dún kẹta ló ń tọ́jú ẹ̀, mo dúró tì í. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí bàbá bọ́ bàtà òsì náà. Bàbá ní kò sí nǹkan tó ṣe òsì, pé òun fẹ́ tètè dé ọjà. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n kàn wò ó." Wọ́n bọ́ ọ. Ìṣó ló gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, orí rẹ̀ ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá, ìbọ̀sẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?" Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ rìn láti àárọ̀, àbí láti àná, ta ló mọ̀. Ọmọ yẹn kò tíì gboyè, wọn kì í san kọ́bọ̀ fún un, ojú oorun wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun ló rí i. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ṣì ń lọ sọ́jà títí di òní.

Bí ara kì í ṣe é mọ ìrora mọ́ yìí, iṣẹ́ àwọn adẹ́tẹ̀ ni ayé fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Dókítà ará Britain kan wà tí wọ́n ń pè ní Paul Brand, India ni wọ́n bí i sí ní 1914. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Vellore níbẹ̀ láti 1946. Èrò àwọn ènìyàn nígbà náà ni pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìka. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹ̀tẹ̀ ń pa iṣan tí a fi ń mọ ìrora, ẹni náà á wá máa jóná, á máa gún ara rẹ̀, á máa fi egbò rìn, kò ní mọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń jí láàárọ̀ tí ìka wọn ò pé mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣọ́ wọn lóru, eku ni wọ́n bá lára wọn. Ni wọ́n bá ń fún wọn ní ológbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ mọ eku Sábọ̀n Gàrí? Ẹni tó ní ṣúgà tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù láti ṣọ́ ọjà, kó máa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mo ti wẹ egbò eku rí. Brand kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1966, sí ilé ìtọ́jú adẹ́tẹ̀ ní Carville, ohun tó kọ́ lára adẹ́tẹ̀ ni wọ́n sì wá ń lò fún ẹsẹ̀ oníṣúgà káàkiri ayé. Kánò níbí, Yadakunya ni ilé ìwòsàn àwọn adẹ́tẹ̀ wà. Tí wọ́n bá rán ọmọ yín lọ síbẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ̀tẹ̀ ní oògùn, ẹni tó ti ń lo oògùn rẹ̀ kì í kó o ran ènìyàn.

Ó wá kan òórùn. Ìyá wa, òótọ́ lọmọ yín sọ. Egbò ẹsẹ̀ tó ti rà ń rùn, òórùn rẹ̀ sì máa ń mọ́ aṣọ. Kó jẹun kó tó lọ, ebi ló ń dá èébì sílẹ̀. Kó má fi lọ́fíńdà bò ó, èyí tó pòpọ̀ yẹn burú jù. Kó lo ìbòmú. Tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, kó jókòó sílẹ̀ kó tó ṣubú, kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn gbé ọmọ fìdí rẹmi. Ọ̀sẹ̀ kejì, imú á ti gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń le mọ́ wọn lórí rẹ̀ ni ojú. Kí báńdéèjì tó tú tán, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni aláìsàn ń wò, kì í wo egbò. Tó bá ti rí i tí o fajú ro, ó ti gba ìdájọ́ rẹ̀.

Ohun tó ju òórùn lọ wà níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó dé ibẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà lórí ènìyàn 336 tó ní egbò ẹsẹ̀ ṣúgà. Àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ wọn lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ yín máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ fún bàbá ẹnìkan pé ẹsẹ̀ yìí ò lè dúró mọ́. Á rí ìdílé tí kò rí owó báńdéèjì ra, torí àpò ara ẹni lọ̀pọ̀ ti ń san án, tí wọ́n á gbé aláìsàn wọn lọ sílé. Á pàdé ẹni tó ti fi oṣù méjì wá ẹni tó sà sí i, tó ní òun tẹ nǹkan ní oríta. Kí ọmọ má bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Kó wẹ egbò rẹ̀. Tí egbò bá ti ń jiná, ẹnu ọ̀rọ̀ á yí.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Kánò ní nǹkan kan tí àwọn ọmọ tó ti Gúúsù wá kì í ní: Hausa wà lẹ́nu wọn bí omi. Ó ṣe pàtàkì níbi posting ju ìwé lọ. Ṣùgbọ́n Hausa ní ìwà pẹ̀lẹ́ tirẹ̀. Tí o bá kí bàbá pé "Sannu Baba, yaya jiki?", á ní "Da sauƙi", ó ti sàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti dúdú títí dé ọrùn ẹsẹ̀, "Da sauƙi" náà ni á sọ, torí ọpẹ́ ló ń dá. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ "ó ti sàn" sínú fáìlì nítorí ìyẹn. Kí ó gba ìkíni náà, kó dúpẹ́, kó wá ní "Baba, ẹ jẹ́ ká wò ó." Tó bá jẹ́ obìnrin, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin bá sì wà nítòsí, kí ó jẹ́ kí ìyẹn ṣe é.

Voice note kẹta

Bàbá oníbàtà, tiyín ló kù báyìí.

Ẹ má gbójú lé e pé ọmọ yẹn á máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ gba wákàtí 20 iṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Posting wà lọ́tọ̀, wọn kì í sanwó rẹ̀, ó sì ń jẹ gbogbo ọjọ́. Wọ́n lè gbé e lọ sí ìlú tó jìnnà sí ilé ìwé, kó máa wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú òtútù. Tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó ilé ìwé, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Mo tún fẹ́ bẹ gbogbo wa: tí ìgbéyàwó bá wà, tí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà bá wà, ẹ má pe ọmọ wálé láti ibi posting. Wákàtí tó bá pa jẹ, á san án padà, tí kò bá san án, kò ní kọjá.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti àrùn ẹ̀dọ̀ B wà nínú ẹ̀, torí abẹ ló máa lò. Wọ́n á wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Èékánná àlẹ̀mọ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń lẹ̀ nísinsìnyí, kó ṣí i kúrò kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n máa ń ní kí apá wà ní ìhòòhò láti ìgbọ̀nwọ́ sísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn á gún àwọn Alhaji wa lọ́kàn, ẹ fi ara balẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn wọn mọ̀ nípa rẹ̀, àwọ̀sápá kan wà tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń jù nù. Kó béèrè kí posting tó bẹ̀rẹ̀, kó má dúró dọjọ́ náà.

Ohun tó máa ń fìyà jẹ ọmọ Yorùbá lọ́hùn-ún kì í ṣe iṣẹ́, orúkọ ni. Ọ̀gá tó lè bí i lọ́mọ á ní kó máa pe òun ní Susan. Kò ní lè pè é. Á máa yí i ká títí, kò ní pe Susan, kò ní pe Màmá, wọ́n á wá kọ ọ́ pé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ pè é. Ó sì gbọ́dọ̀ wo ojú aláìsàn tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, àwa tí a fi ìwolẹ̀ kọ́ ọ, òyìnbó á rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Kó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Dókítà obìnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe, Kate Granger, ló gbé ìyẹn dìde ní Britain ní 2013, nígbà tó di aláìsàn tó rí i pé àwọn tó ń tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Níbí náà, ẹ wo iye ènìyàn tó máa ń bọ́ bàtà yín láìkí yín.

Ọ̀rọ̀ wọn tún máa ń tutù jù. Tí ọ̀gá bá ní "bóyá o lè fẹ́ tún un wò", àṣẹ ni o. Ọmọ tó bá rò pé àmọ̀ràn ni, tó bá dé ìparí posting, ẹnu á yà á.

Tó bá dé ọdún tó gbẹ̀yìn, kò ní jẹ́ èékánná nìkan mọ́. Á máa fi abẹ bó awọ tó ti yi kúrò lára egbò, á máa fún ni lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìka lójú, á máa yọ èékánná tó wọ ẹran, á máa wo bí ènìyàn ṣe ń rìn láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ru ẹrù jù. Á sì máa wo bàtà. Bàbá, ẹ gbọ́ o. Bàtà wà lára ẹ̀kọ́ yẹn gan-an: ibi tó ti fún ọmọ ìka mọ́ra, ojú rírán tó wà nínú tó ń ha ni, ìsàlẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n á kọ́ ọ pé ìrọ̀lẹ́ ló dáa kí ènìyàn wọn bàtà tó fẹ́ rà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí ọjọ́ bá ń lọ. Ẹ ti ta bàtà fún ogún ọdún, ẹ mọ awọ, ẹ mọ gọ́ọ̀mù. Tó bá padà wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ò ní fẹ́ kó lọ mọ́.

Àwọn bàbá wa tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò, àwọn òṣómàáló tó ń ru aṣọ ká abúlé tí wọ́n ń lóṣòó gba gbèsè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú wa lónìí, ìta ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló máa jókòó sí. A mọ àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí, n kò ní dárúkọ.

Torí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣúgà, ẹ sì pọ̀ nínú gúrúùpù yìí, mo mọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá dé yàrá ìwẹgbò tẹ́ ẹ rí àwọn ọmọ kéékèèké tó wọ aṣọ funfun, ẹ má lé wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀, wọn ò lè fi tipá ṣe é. Ẹ lè sọ pé ẹ fẹ́ kí ọ̀gá wọn dúró tì wọ́n, ẹ sọ ọ́ síta, èmi gan-an á gbè yín lẹ́yìn, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá gbé abẹ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àfi màmá nìkan, àfi dókítà nìkan, kó rántí pé èmi ti fẹ̀yìn tì. Kẹ́ ẹ sì mú bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ lọ sọ́jà dání, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí Jímọ̀. Èyí tẹ́ ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́ rí.

Ìyá wa béèrè pé kí òun ṣe ọmọkùnrin òun báwo. Kó padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kó tó jáde, kó mú ìbòmú méjì dání, kó lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ kó sọ ìdí tó fi lọ, kó má purọ́ pé ibà ló ṣe òun. Tó bá tún fẹ́ sá, kó sá wá sọ́dọ̀ mi, mo wà nílé lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Bàbá oníbàtà, ẹ gbé ìwé ilé ìwé yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé, ojú ìwé tó sọ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo fẹ́ rí, torí ti àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á, ó sì gba oṣù. Kẹ́ ẹ bọ́ bàtà yín náà tẹ́ ẹ bá dé. Iná ti dé, ẹ jẹ́ n lọ fa omi.